Ìbéèrè Òǹkàwé: Charles Looff àti Ẹṣin Onígi Tó Ń Yí Bírí

Àwòrán ẹṣin onígi kan la gbé jáde nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ ayíbírí Crescent Park ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, Amẹ́ríkà. Irú ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ wa ń pè ní merry-go-round ni. Orúkọ Charles Looff tó kọ́ ọ àti ọdún 1895 nìkan la kọ sábẹ́ rẹ̀, ni lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. A pín wọn fún àwọn tó mọ iṣẹ́ igi àti àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ láàárín wa. Èsì wọn rèé.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìtòsí ibẹ̀ gan-an ni mò ń gbé, mo sì máa ń kó àwọn ọmọ mi lọ gun ẹṣin yẹn. Ta ni Looff yìí? Ṣé òun nìkan ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀ ni? — Ìyá Ìbejì, Providence*

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Bad Bramstedt ni wọ́n ti bí i ní 1852, ní ilẹ̀ Holstein tó ti di ara Jámánì báyìí. Ní 1870 ló wọ ọkọ̀ òkun lọ sí New York, ó fìdí kalẹ̀ sí Greenpoint ní Brooklyn, ó sì ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àga àti tábìlì. Iṣẹ́ ọnà ara igi ló ń ṣe níbẹ̀. Ó tún ń kọ́ àwọn èèyàn ní ijó jíjó, ibẹ̀ ló sì ti pàdé Anna Dolle tó fi ṣaya ní 1874.

Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, àjákù pákó tó kó bọ̀ láti ilé iṣẹ́ ló fi ń gbẹ́ ẹṣin àti ẹranko mìíràn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pé iye tó fẹ́, ó tò wọ́n sórí pèpéle róbótó, ó sì gbé e lọ sí etíkun Coney Island ní 1876, sí ilé ìwẹ̀ tí Mrs. Vandeveer ní síbẹ̀. Òun ni ẹ̀rọ ayíbírí àkọ́kọ́ tó dé Coney Island. Lẹ́yìn náà ni Charles Feltman, gbajúmọ̀ olóúnjẹ tí wọ́n máa ń dárúkọ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ họ́ọ̀tì dọ́ọ̀gì bá délẹ̀, gba èkejì sí ọgbà tirẹ̀. Looff fi iṣẹ́ àga sílẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Greenpoint.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín kejì wà. Ti 1876 la lè pè ní iṣẹ́ ọwọ́ òun nìkan. Láti ìgbà tó ti ní ilé iṣẹ́ ló ti ń gba àwọn ọ̀gá agbẹ́gi ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Júù tó ṣí wá láti ìlà oòrùn Yúróòpù: Marcus Illions, Charles Carmel, Solomon Stein àti Harry Goldstein. John Zalar náà wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, Illions dá tirẹ̀ sílẹ̀, Stein àti Goldstein jọ dá ọ̀kan sílẹ̀, Carmel náà ń gbẹ́ ẹṣin fún àwọn mìíràn. Ẹṣin wọn ni àwọn olówò ń pè ní ti ìṣe Coney Island: gọ̀gọ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹnu tó là sílẹ̀, gíláàsì aláràbarà lára gàárì, góòlù níbi tí góòlù bá lè gbà. Ti ìṣe Philadelphia, níbi tí Gustav Dentzel ti jẹ́ ọ̀gá, jọ ẹṣin gidi jù. Àwọn tó ń kó ẹ̀rọ tiwọn láti ìlú dé ìlú, bíi C. W. Parker, ń ṣe ẹṣin kúkúrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbalaja, kí wọ́n lè tò ó gọbọgọbọ sínú ọkọ̀ láì ṣẹ́.

Ẹ̀rọ tí ẹ̀ ń gùn yẹn, Ìyá Ìbejì, kì í ṣe èyí tí Looff kọ́kọ́ gbé dé Crescent Park. Ó ti gbé ọ̀kan lọ ní 1886. Ti 1895 ló wá ṣe bí ọjà àfihàn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni yóò mú un lọ kó lọ fi ojú ara rẹ̀ yan irú ẹṣin tó wù ú, ìdí nìyẹn tí ẹṣin ibẹ̀ kò fi jọra. Mọ́kànlélọ́gọ́ta (61) ni ẹṣin tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ràkúnmí kan àti kẹ̀kẹ́ ìjókòó mẹ́rin. Nígbà tí ìjọba ìlú New York gba ilẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Brooklyn láti fi ṣe ọgbà ìtura ní 1905, ó kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yìí. Ní 1910 ó tún ṣí lọ sí Long Beach ní California. Ní 1916 ó kọ́ èbúté ìgbafẹ́ sí Santa Monica, ilé tó kọ́ fún ẹ̀rọ ayíbírí síbẹ̀ ṣì dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Ó kú ní July 1918.

Lójú tiwa, gbígbẹ́ igi kọ́ ló mú Looff yọ láàárín ẹgbẹ́. Illions gbẹ́gi jù ú lọ. Ohun tí Looff mọ̀ ni ibi tí èrò ń lọ lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ wo ibi tó kọ́ wọn sí: etí òkun, òpin ojú irin, èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ń já èrò sí.

*Ẹ̀yin ará ibí, agbẹ́gilére ni mí. Odindi gẹdú apá tàbí ìrókò la fi ń gbẹ́ ẹlẹ́ṣin tiwa. Ẹṣin tí mo rí nínú àwòrán yẹn tóbi tó ẹṣin gidi. Gẹdú wo ló tóbi tó bẹ́ẹ̀, báwo ni kò sì ṣe là? — Gbẹ́nàgbẹ́nà, Ọ̀yọ́*

Ọ̀gá, kò sí gẹdú kankan níbẹ̀. Pákó tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ pọ̀ ni, inú rẹ̀ sì ṣófo.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń la igi. Bí gẹdú bá ń gbẹ, súnkì tó ń sún ní ìyíká fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì súnkì tó ń sún láti àárín sí èèpo. Òde a máa fẹ́ fún mọ́ra, àárín kò ní gbà fún un, ni yóò bá là láti èèpo wọ inú. Òpó ààfin bíi ti Olówè ará Ìsẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, a lè fara mọ́ ìlà díẹ̀ lára rẹ̀, torí ojú kan ló dúró sí. Ẹṣin ayíbírí kò lè gba ìlà. Èèyàn ń gùn ún, ó ń fò sókè sódò lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, omi òkun sì ń fẹ́ sí i lára.

Basswood ni igi tí wọ́n ń lò jù, poplar tẹ̀ lé e. Méjèèjì rọ̀, ọ̀rá wọn (ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú igi lọ) bára dọ́gba, ṣísẹ́ẹ̀lì a máa gbà á láti ibikíbi láì ya. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é:

Wọ́n á kọ́kọ́ ya odindi ẹṣin sórí bébà ńlá bó ṣe máa tóbi gan-an, wọ́n á gé bébà náà sí ọ̀nà ọ̀nà: orí, ọrùn, ara, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pákó tó ti gbẹ dáadáa, tó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ni wọ́n á wá gbé bébà lé, wọ́n á fi ayùn ẹlẹ́rọ gé e. Ara ẹṣin ni wọ́n ń kàn bí àpótí, pákó lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, iwájú àti ẹ̀yìn, ihò wà láàárín. Ìyẹn á jẹ́ kó fúyẹ́, pákó kọ̀ọ̀kan á sì lè sún díẹ̀ láì fa èkejì ya. Pákó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ń ṣe orí àti ọrùn.

Ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọ̀rá igi gbọ́dọ̀ gba ìnàró ẹsẹ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ bá wá tẹ̀ ní orúnkún, tí ẹ bá fi pákó kan ṣoṣo gé e, ọ̀rá á dábùú níbi tó tẹ̀ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ á ṣẹ́ ẹ. Nítorí náà wọ́n á gé e ní orúnkún, wọ́n á fi pákó mìíràn tí ọ̀rá rẹ̀ gba ọ̀nà tuntun yẹn lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi èèkàn igi há a. Ẹ yẹ ẹṣin àtijọ́ èyíkéyìí wò, níbi tí wọ́n bá ti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe láì ka ọ̀rá sí, ibẹ̀ ló tún máa ń ṣẹ́.

Gúlù awọ ẹran ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Inú ìkòkò tó jókòó sínú omi gbígbóná ni wọ́n ti ń yọ́ ọ, kó wà ní nǹkan bíi 60°C. Bó bá hó, agbára rẹ̀ lọ. Bí pákó bá tutù tàbí tí ọwọ́ yín bá fà, á ti dì kí kíláǹpù tó mú un, ibi tó lẹ̀ mọ́ á kàn jẹ́ ti ojú lásán. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi. Ẹṣin tí òrùlé ń jò lé lórí á tú palẹ̀ ní oríkèé oríkèé, pákó rẹ̀ á ṣì dára.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbígbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń gbẹ́ ara àti ẹsẹ̀, ọ̀gá ló ń gbẹ́ orí. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òde, tí èrò ń rí, ni wọ́n ń rọ òdòdó, ìrépé aṣọ àti gíláàsì sí; ẹ̀gbẹ́ kejì tó kọjú sí òpó àárín ẹ̀rọ, fífá ni wọ́n kàn máa ń fá a dán. Iṣẹ́ jẹun ni, ẹ ò lè bú wọn. Ìlà ìta náà ló ní ẹṣin tó tóbi jù, tí ọnà rẹ̀ sì pọ̀ jù. Bí ẹ bá ṣe ń wọ inú lọ ni ẹṣin ń kéré sí i. Sáńpépà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ olójé, ọ̀dà olóróró, ewé góòlù, fáníìṣì. Ojú gíláàsì, ìrù irun ẹṣin gidi, lẹ́yìn náà ihò ọ̀pá láti ẹ̀yìn gba inú já sí ikùn. Ihò yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tí ẹṣin ti dọ́gba lọ́wọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Bó bá yẹ̀, ẹṣin á máa fi imú kọ́lẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ihò náà á sì máa gbòòrò.

*Mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ ni mí. Ẹ ṣàlàyé ohun tó ń gbé ẹṣin sókè sódò, kí ẹ sì sọ ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀. — Abẹ́òkúta*

Ohun tó máa kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu ni pé pèpéle tí èrò ń tẹ̀ kò jókòó lórí ilẹ̀. Òkè ló so rọ̀ sí. Òpó ńlá kan wà láàárín tí kì í yí. Bẹ́árìn tó ru gbogbo ẹrù wà lórí rẹ̀, láti ibẹ̀ ni àwọn apá igi gígùn ti nà jáde yíká bí irin agbòòrùn. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ń fa orí apá kọ̀ọ̀kan padà sí ṣóńṣó òpó kí ó má baà tẹ̀, ọ̀pá mìíràn sì sọ̀ kalẹ̀ láti ara àwọn apá náà láti di pèpéle mú. Mọ́tò iná mànàmáná ń fa bẹ́líìtì, bẹ́líìtì ń yí ọ̀pá tó ní kílọ́ọ̀ṣì, jíà kékeré tó wà ní ìdí ọ̀pá yẹn á wá máa yí jíà ràgàjì tí wọ́n dè mọ́ àwọn apá.

Fífò ẹṣin kò ní mọ́tò tirẹ̀. Ọ̀pá kíránkì dùbúlẹ̀ láàárín apá kan sí èkejì, láti òpó dé etí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ níbi tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí kíránkì inú jẹnẹrétọ̀ yín. Jíà kékeré kan wà lórí rẹ̀ níhà òpó. Jíà ńlá kan wà tí wọ́n dè mọ́ òpó, tí kì í yí. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá ti ń yí lọ, jíà kékeré á máa yí gorí jíà tó dúró yẹn, kíránkì á máa yí, ẹṣin tó so rọ̀ sára rẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Ẹ jẹ́ ká ní eyín jíà tó dúró jẹ́ 120, ti kékeré jẹ́ 30. Ẹṣin á fò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ẹ̀rọ tó yí tán lẹ́ẹ̀kan. Bí títẹ̀ kíránkì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, fífò ẹṣin á jẹ́ 30.

Bí ẹṣin bá jẹ́ mẹ́ta lórí kíránkì kan, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ sí ojú kan náà. Ìdá mẹ́ta ìyípo ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lè bá èyí tó ń gòkè gbé ẹrù. Ẹni tó bá tú u, tó sì tò ó padà láì sàmì sí eyín jíà, kò ní rí nǹkan kan tí ẹ̀rọ bá ń yí lófìfo. Ọjọ́ tí èrò bá kún un ló máa mọ̀, torí mọ́tò á máa gbin, bẹ́líìtì á máa yọ̀, gbogbo ilé á máa mì jìgìjìgì.

Ní ti ohun tó ń bàjẹ́, bẹ́árìn ìbílẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe oníbọ́ọ̀lù bíi tòde òní. Irin rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní babbitt ni wọ́n yọ́ sínú ilé rẹ̀. Bí ọ́ọ̀lì bá tán lára rẹ̀, kíránkì á jẹ ẹ́, ẹ ó sì gbọ́ kò, kò, kò ní àkókò kan náà tí ẹṣin kan pàtó bá dé òkè. Ẹ má kàn rọ gírísì lé e. Ẹ tú ìdérí, ẹ fọ gírísì àtijọ́ tó ti di ẹrẹ̀ kúrò, torí eruku irin tó wà nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ sáńpépà. Bí àyè tó gbòòrò bá ti pọ̀, àfi kí wọ́n yọ́ babbitt tuntun sí i.

Ọ̀pá irin tó ń fa apá máa ń dẹ̀. Ẹ lè fi rúlà wọ̀n láti ilẹ̀ dé abẹ́ pèpéle ní ibi bíi mẹ́jọ yíká. Bí ibì kan bá rẹlẹ̀, ẹ fún ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹni tó bá fún ẹyọ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti gbé ẹrù aládùúgbò lé e lórí. Bẹ́líìtì tó ń dán gbinrin ti ń yọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń já wọlé gbùà ló ń ká eyín jíà, gbígbọ̀n tó sì bá a wá ló ń tú gúlù ẹsẹ̀ ẹṣin. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ awakọ̀ ẹ̀rọ yìí fi gbọ́dọ̀ rọ̀. Láàárọ̀, kí èrò tó dé, kí ó rọ ọ́ọ̀lì sí gbogbo ife ọ́ọ̀lì, kí ó di gbogbo ọ̀pá mú kó mì í wò, kí ó yẹ bóòtù irin tó de ẹsẹ̀ ẹṣin àti awọ tí èèyàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ wò, kí ó wá yí i lófìfo kó sì tẹ́tí.

*Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ̀rọ wa ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Ti Amẹ́ríkà tí mo rí nínú fídíò ń yí sódì. Kí ló fà á? — Peckham*

Àṣà ni. Apá òsì lèèyàn ń gbà gun ẹṣin gidi. Bí ẹ̀rọ bá ń yí bí ọwọ́ aago, òsì ẹṣin ló máa kọjú sí òde, ẹ ó sì gùn ún bó ṣe yẹ. Ohun tí àwọn ará England tẹ̀ lé nìyẹn láti ayé Frederick Savage ti King's Lynn (1828 sí 1897), ọ̀gá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tó ń jó èédú yí i. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tún ló kọjú sí òde. Ó sì bá eré òrùka mu: wọ́n á gbé ẹ̀rọ kan tó ń tu òrùka irin sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tó wà ní ìlà ìta á na ọwọ́ ọ̀tún já a bó ṣe ń kọjá, ẹni tí òrùka idẹ kan ṣoṣo bá bọ́ sí lọ́wọ́ á tún gùn lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹṣin àtijọ́ tí ọnà kún ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Britain.

*Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ ní ẹṣin ìta ló ń yára jù. Mo ní ìkan náà ni wọ́n. Ta ló jàre? — Bàbá Ṣọlá, Ìkẹjà*

Ọmọ yín ni. Ká ní ẹ̀rọ kan ń yí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú kan. Ẹṣin tó wà ní mítà 7 sí àárín rin mítà 44 ní ìyípo kan, ó ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 13 ní wákàtí kan. Èyí tó wà ní mítà 4 kò ju 7.5 lọ. Títì tó ń ti èèyàn sóde pọ̀ sí i bákan náà: àgbàlagbà tó wọn kílò 60 á mọ̀ ọ́n bíi kílò 12 ní ìta, bíi 7 nínú. Ọmọ kékeré, ìlà inú ni kí ẹ gbé e sí.

*Àbúrò mi ní Brooklyn rí ẹṣin onígi kan tí wọ́n ń tà. Wọ́n ní ti Looff ni, owó rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani. Báwo la ṣe máa mọ̀? Ṣé ká bó ọ̀dà rẹ̀? — Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Òṣogbo*

Kí ó kọ́kọ́ yí i po. Bí ọnà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá rí bákan náà délẹ̀, kí ó fura. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbẹ́ ní Indonesia lóde òní, tí wọ́n ń fi ọ̀dà dúdú àti ìlà bíbú sọ di arúgbó. Kí ó fi ìka kàn án ní ikùn: ohùn àpótí ló yẹ kó jáde. Kí ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò ọ̀pá, á rí ibi tí pákó ti lẹ̀ mọ́ra àti inú tó ṣófo. Bó bá jẹ́ fáìbà, kò ní rí oríkèé pákó kankan. Ihò ọ̀pá ẹṣin tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ máa ń jẹ sí apá kan ju èkejì lọ, abẹ́ àtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ náà máa ń jẹ.

Wàyí o, pé ó jẹ́ ti àtijọ́ kò sọ pé ti Looff ni. Illions àti Carmel ti gbẹ́gi lábẹ́ Looff kí wọ́n tó gbẹ́ tiwọn. Ọwọ́ kan náà, orúkọ méjì. Àwọn ẹ̀rọ náà sì máa ń gba ẹṣin láti ilé iṣẹ́ mìíràn bí tiwọn bá bàjẹ́. Ohun tó lè ti ọ̀rọ̀ olùtajà lẹ́yìn ni ìwé tàbí fọ́tò àtijọ́ tó fi ẹṣin yẹn hàn lórí ẹ̀rọ tí a mọ̀. Bí kò bá sí, owó ẹṣin tí a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ ni kí ó san.

Ní ti ọ̀dà, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bó o lójú ẹsẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn tó ni ọgbà ń kun òmíràn lé ti tẹ́lẹ̀, ọ̀dà àkọ́kọ́ lè ṣì wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n mú ọ̀bẹ dókítà, kí wọ́n ha ojú kékeré kan bí èékánná ní ibi tó fara sin, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, títí dé igi. Wọ́n á rí àwọ̀ rẹ̀ ìjímìjí níbẹ̀. Òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́ wọ̀nyẹn. Amẹ́ríkà kò fòfin dè é fún lílò nínú ilé títí di 1978. Fífi iná sun ún máa ń tú òjé sínú afẹ́fẹ́, fífi sáńpépà gbígbẹ bó o ń sọ ọ́ di eruku tí ọmọdé lè gbé mì. Bí oríkèé bá ṣí, gúlù awọ ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ padà, torí wọ́n á lè tú u bí ó bá tún bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú fáìbà ti há omi mọ́ inú igi, á sì jẹrà láti inú.

*Èwo nínú iṣẹ́ Looff ló ṣì wà tí èèyàn lè gùn? — Ọ̀pọ̀ òǹkàwé*

Iná ló kó èyí tó pọ̀ lọ. Ti Feltman jó ní 1899, ti Long Beach jó ní 1943. Ilé onígi, ọ̀dà, gírísì, ẹ ò nílò kí wọ́n sọ fún yín. Lẹ́yìn ọ̀wọ́n owó àwọn ọdún 1930, ẹṣin onígi kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, ti alumíníọ̀mù ló gba ọjà. Ní àwọn ọdún 1970, ewu mìíràn tún dé: ẹyọ ẹṣin kan di ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀, owó rẹ̀ sì gòkè débi pé títú ẹ̀rọ tà ní ẹyọ ẹyọ lérè ju kí ó máa yí lọ. A ò fara mọ́ ọn. Ẹṣin tí kò yí mọ́ ti di ère lásán. Ọdún 1973 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ National Carousel Association sílẹ̀ láti máa gbèjà àwọn tó kù. Crescent Park gan-an ti ọgbà rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn aráàlú ló dìde kí wọ́n má baà tú ẹ̀rọ náà tà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí ní 1984, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì kà á mọ́ ibi ìtàn ní 1987.

Pawtucket kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀rọ Looff tó wà ní Slater Park níbẹ̀ jẹ́ ti àwọn ẹṣin tí kì í fò rárá, pẹ̀lú ajá, kìnnìún, ràkúnmí àti àgùnfọn. Ní Spokane, ìpínlẹ̀ Washington, ẹ ó rí èyí tó kọ́ ní 1909: ẹṣin 54, àgùnfọn kan, ẹkùn kan àti ìjókòó dírágónì méjì. Ọgbà tó fẹ́ tà á fún ní 20,000 dọ́là kò rówó rẹ̀ san, ló bá fi ta ọmọ rẹ̀ Emma àti ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ ìgbéyàwó. Ti Santa Cruz ní California dé ibẹ̀ ní 1911, ẹṣin 73. Ó ṣì wà ní etíkun kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Giant Dipper, ọkọ̀ ojú irin agésókè-sódò tí ọmọ rẹ̀ Arthur kọ́ ní 1924. Òrùka ṣì ń jáde lára ti Santa Cruz. Ìlà ìta ni kí ẹ gùn tí ẹ bá débẹ̀, torí ọwọ́ ẹni tó wà nínú kò lè tó o. Bí ẹ bá ti já a, ẹ sọ ọ́ sí ẹnu apanilẹ́rìn-ín ńlá tí wọ́n yà sí ara ògiri níwájú.